Òkú Tó Ń Gúnyán ní Ilé Àlejò Orí Òkè

Ilé àlejò kan wà lórí òkè, létí ìlú Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí àwọn òyìnbó ajẹ́lẹ̀ kọ́ láyé àtijọ́ kí wọ́n lè máa rí ibi sùn sí bí wọ́n bá ń rin ìrìn-àjò. Òkúta ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀. Páànù orí rẹ̀ ti dógùn-ún, ó pọ́n bí epo. Ìloro rẹ̀ gùn, ó kọjú sí àfonífojì tí kùrukùru máa ń kún inú rẹ̀ láàárọ̀ bí ìfófò ọṣẹ. Rẹ́sìháòsì ni àwọn àgbà ń pè é títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń sinmi níbẹ̀ kò pọ̀.

Ilé tó bá ti pẹ́ tó báyẹn kò lè ṣàìní ìtàn. Wọ́n ní òyìnbó kan tí ibà pa síbẹ̀ ṣì máa ń jókòó ní ìloro, tí yóò máa fa páìpù rẹ̀, pé bí òjò bá ti ṣú, èèyàn á máa gbóòórùn tábà. Wọ́n ní ẹṣin kan tí kò ní olówó máa ń jẹ koríko nísàlẹ̀ àfonífojì. Ṣùgbọ́n ìtàn òyìnbó àti ti ẹṣin ti di eré ọmọdé. Èyí tí gbogbo ayé ń sọ báyìí, láti Ìdó-Ilé títí dé Ìjerò, ni ti òkú obìnrin tó ń gúnyán nílé ìdáná ibẹ̀.

Fúnmiọlá ni orúkọ obìnrin náà. Kò sì kú.

Ẹni tó kú ní tòótọ́, Ọlọ́run ti mọ ibi tó máa fi í sí. Ẹni tí aráyé sọ pé ó kú, tí kò kú, ọ̀dọ̀ ta ni yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ?

Ọmọ Ìdó-Ilé ni Fúnmiọlá, àkọ́bí ìyá rẹ̀. Ó ń lọ kọ́ṣẹ́ oúnjẹ sísè ní Adó lọ́dún náà lọ́hùn-ún. Nígbà tó dé Arámọkọ, ó wọ bọ́ọ̀sì mìíràn. Wọ́n ti ju báàgì rẹ̀ sí búùtù, fóònù rẹ̀ sì wà níwájú lọ́dọ̀ dẹ́rẹ́bà, ó ń gba iná, kí obìnrin kan tó sáré dé, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé àyè kan ṣoṣo lòun ń wá, pé ara òun kò yá. Fúnmiọlá dìde fún un. Ó ní kí wọ́n máa gbé ẹrù òun lọ, òun yóò wọ bọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé e, òun á bá ẹrù ní gáréèjì. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni, kò mọ bí a ṣe ń jókòó wo ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀sì yẹn kúrò ní ìlú ni bíréèkì rẹ̀ kò mú mọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó yí, ó gbiná. Nígbà tí bọ́ọ̀sì kejì débẹ̀, ohun tí Fúnmiọlá rí kọjá èyí tí ẹnu ń sọ. Ó kúnlẹ̀ sínú koríko ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run tó fa òun yọ. Ojú ẹsẹ̀ ló gun ọ̀kadà, ó kọrí sí orí òkè àdúrà kan lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n, ó gbààwẹ̀, ó ní òun kò ní bá ọmọ aráyé sọ̀rọ̀ títí òun yóò fi dúpẹ́ tán.

Ọpẹ́ náà pẹ́.

Ká ní ó kọ́kọ́ yá fóònù ẹnìkan kó ní, "Ẹ gbà mí, mo wà láàyè," kó tó bẹ̀rẹ̀ orin, ìtàn yìí ìbá má sí. Ṣùgbọ́n bí a ti rí nìyẹn, àwa tí a gba Ọlọ́run gbọ́. A ó sáré lọ ròyìn fún Un ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, a kò ní í rántí àwọn tí kò mọ̀.

Àwọn tí kò mọ̀ rí báàgì rẹ̀ tí iná kò jó tán, wọ́n rí òkú obìnrin kan tí ojú rẹ̀ kò ṣeé mọ̀ mọ́. Fágbàyí, àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ olórí ilé, ló gba òkú náà, òun àtàwọn gende ló sì sin ín. Òbí kì í rí òkú ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í mọ ojú oórì rẹ̀. Ilé aládùúgbò ni wọ́n mú ìyá rẹ̀ lọ, àwọn obìnrin dì í mú níbẹ̀ títí wọ́n fi bo ilẹ̀. Ìyá ìbá ti wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ òkú náà lásán, ìbá ti sọ pé kì í ṣe ọmọ òun. Kò sẹ́ni tó jẹ́ kó wò ó. Kó tó di ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, gbogbo àdúgbò ti yọ orúkọ Fúnmi kúrò lára rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Ìyá Fúnmi di Ìyá Níkẹ́.

Ẹni tí wọ́n sin gan-an ńkọ́? Òun náà ní ìyá níbì kan, tó ṣì ń retí rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni Fúnmiọlá wọ Ìdó-Ilé padà. Ààwẹ̀ ti mú kó gbẹ bí ẹja àgbékà. Ó fi aṣọ funfun borí. Fágbàyí jókòó sí ìta, ó ń jẹun.

"Ẹ káalẹ́ o, Bàbá."

Òkèlè bọ́ lọ́wọ́ Fágbàyí. Kò pariwo. Àgbàlagbà ni. Ó kàn ń wo ilẹ̀.

"Ọmọ yìí," ó ní, "kí la fi dù ọ́? A sin ọ́ dáadáa. Pákó gidi la fi kan pósí rẹ. Pásítọ̀ wàásù títí oòrùn fi kanrí."

"Bàbá, ebi ń pa mí."

"Mo mọ̀. Ọ̀nà jìn. Má jọ̀kùn o, má jekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́hùn-ún ni kí o bá wọn jẹ."

"Bàbá, ta ló fẹ́ jẹ ọ̀kùn? Iyán tó wà níwájú yín yẹn ni mo fẹ́ jẹ!"

Fágbàyí fi ẹsẹ̀ ti àwo náà sí i díẹ̀díẹ̀, ó fi ẹ̀yìn rìn wọ inú ilé, ó ti ìlẹ̀kùn. Fúnmiọlá kan ìlẹ̀kùn títí ọwọ́ fi ń dùn ún. Ó gbọ́ ẹkún ìyá rẹ̀ nínú yàrá, ó pè é, ìyá kò dáhùn. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó, ó jẹ iyán náà tán, nítorí ebi kò mọ ọ̀fọ̀. Èyí ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí ilẹ̀ ti mọ́, tí wọ́n rí àwo tó mọ́ fónífóní, kò sí ẹni tó tún jiyàn ní Ìdó-Ilé pé òkú ò jẹun.

Ẹ má bínú sí wọn. Nílẹ̀ wa, wọ́n ní ẹni tó bá kú láìtọ́jọ́ kì í lọ sọ́run tààrà. A máa lọ tẹ̀dó sí ìlú mìíràn, a máa ṣiṣẹ́, a máa bímọ pàápàá, títí ọjọ́ tó yàn yóò fi pé. Àkúdàáyà nìyẹn. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Ohun kan ṣoṣo ni kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ sí i: kí ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ṣe mẹ́rin pẹ̀lú tirẹ̀, kí ẹni náà sì pe orúkọ rẹ̀. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ó pòórá, ó di àwátì láéláé. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ràn òkú rẹ̀, tó gbọ́ pé ó wà níbì kan, kò ní lọ wò ó. Bí ìyá Fúnmiọlá ti ṣe nìyẹn. Ìfẹ́ ló fi tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Kí ni Fúnmiọlá ò ṣe? Ó yá fóònù ẹnìkan, ó ya fọ́tò ara rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Níkẹ́ àbúrò rẹ̀. Níkẹ́ ní àwọn àkúdàáyà òde òní náà ń lo fóònù. Ó fi Bíbélì bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní Sámúẹ́lì náà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tó kú. Ó rán wọn sí pásítọ̀. Pásítọ̀ kò rí i sọ, torí kò rọrùn fún ẹni tó ti sunkún lórí pósí níwájú ìjọ láti wá sọ pé pósí ẹlòmíràn ni. Bó ti ń sọ pé òun wà láàyè tó ni wọ́n ń dáhùn pé, "Bí wọ́n ṣe máa ń sọ náà nìyẹn." Ó dà bí ẹni tó bọ́ sínú kànga tí àwọn tó wà lókè ń kọrin ìdágbére fún, tí ohùn orin kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ igbe rẹ̀.

Ó padà sí Ẹ̀fọ̀n. Ògúnbọ̀dé, ẹni tó gba Rẹ́sìháòsì náà sọ́wọ́ láti máa fi ṣòwò, gbà á síṣẹ́ alásè. Iṣẹ́ náà bá a lára mu. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré pé iyán tó bá ní kókó, ìtìjú ni fún ẹni tó gún un. Ó ń rọra gbé ayé rẹ̀ lọ títí ọkùnrin ará Ìdó-Ilé kan fi wá sùn síbẹ̀. Bó ti rí ẹni tó gbé oúnjẹ wá fún un ni ó bẹ́ gba ojú fèrèsé jáde, bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan wà níbẹ̀ dòní.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń ti Adó àti Àkúrẹ́ wá pẹ̀lú fóònù wọn, kí wọ́n lè sọ pé àwọn jẹ iyán òkú. Ògúnbọ̀dé kun ìloro lọ́dà tuntun. Ó wá pe Fúnmiọlá sí kọ̀rọ̀.

"Fúnmi, mo bẹ̀ ọ́, má sọ fún wọn mọ́ pé o ò kú."

"Ọ̀gá, ṣé kí n máa parọ́ ni?"

"Ta ló ní kí o parọ́? Ṣáà dákẹ́. Bí wọ́n bá bi ọ́, rẹ́rìn-ín. Òkú gidi kì í rojọ́."

"Wọ́n ń fi ìka gún mi léjìká, Ọ̀gá, wọ́n ń wò ó bóyá á wọlé."

"Ìyẹn ló ń jẹ́ kí yàrá kún. Fara dà á. Àbí ibòmíràn wà tí o fẹ́ lọ?"

Kò sí. Ó padà sídìí odó.

Níkẹ́ wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, láìròtẹ́lẹ̀. Ó ti di ìyàwó ilé ní Ìjerò, ó ń ṣerun níbẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó kọjú sí ògiri.

"Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ èèyàn, a dúpẹ́. Bẹ́ ò bá jẹ́ ẹ, ẹ má sọ fún mi."

"Níkẹ́, wá wo apá mi. Àpá ibi tí o ti da omi gbígbóná sí mi lára nìyí."

Níkẹ́ wo ọwọ́ náà, kò wo ojú. Ó fi ìka kan an, ó yára yọ ọ́. Ó tún kàn án. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àpótí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ojú Màámi ń lọ," ó ní. "Dókítà ní láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń kú bọ̀. Èyí tó ti lọ, ó ti lọ, ṣùgbọ́n oògùn wà tí wọ́n máa ń kán sí i tó lè dá èyí tó kù dúró. Mo rà á. Màámi ò kán an. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń dà á sí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo ní kí pásítọ̀ bá mi sọ ọ́. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni."

Fúnmiọlá gbé ọmọ odó sílẹ̀. Gbogbo ọdún yẹn, ohun kan ló ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí eékún rẹ̀: kí ìyá òun wo òun lójú lẹ́ẹ̀kan péré, kó sì pe òun lórúkọ. Kò mọ̀ pé ojú tí òun ń retí ti ń kú.

"Mú un wá bá mi, Níkẹ́. Kó rí mi kí ojú yẹn tó ṣú. Bó bá rí mi tí mi ò pòórá, gbogbo rẹ̀ parí."

"Ó ti fẹ́ wá tipẹ́," Níkẹ́ ní. "Ẹ̀rù tirẹ̀ ni pé òun á rí yín."

Wọ́n wá lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá fi gèlè di ojú láti ìsàlẹ̀ òkè, Níkẹ́ fà á lọ́wọ́ gun àtẹ̀gùn. Wọ́n gbé àga fún un ní ìloro. Ó ní kí wọ́n kọ ojú òun sí àfonífojì, kí wọ́n kọ ẹ̀yìn òun sí ilé ìdáná, kó tó tú gèlè kúrò lójú. Fúnmiọlá gbé iyán wá láti ẹ̀yìn, ó na ọwọ́ gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì. Ó wo ọrùn ìyá rẹ̀. Ọrùn náà ti tín-ín-rín.

Ìyá bu òkèlè.

"Uyán yìí ò ní kókó," ó ní fún àfonífojì.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, Màámi."

Ìyá jẹun díẹ̀ sí i.

"Ṣé wọn ò fìyà jẹ ọ́ níbí?"

"Wọn ò fìyà jẹ mí."

"Òkè yìí tutù jù. Mo mú aṣọ wá." Ó fa aṣọ òfì kan yọ nínú báàgì, ó gbé e kọjá èjìká rẹ̀ sẹ́yìn láìyíjú. Fúnmiọlá gbà á. Ó gbá ọwọ́ náà mú pẹ̀lú aṣọ.

"Màámi, ọwọ́ mi nìyí. Ṣé ó tutù?"

"Kò tutù."

"Ẹ wá yíjú sí mi, ẹ jọ̀ọ́. Ènìyàn ni mí."

"Wọ́n ní ara wọn máa ń gbóná. Ìyá Joy tó rí ọkọ rẹ̀ lókè ọya lọ́hùn-ún, ó ní ara ọkùnrin náà gbóná ju ti alààyè lọ. Ó fẹ́ fojú kan ojú rẹ̀ ni, ó pe orúkọ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló dì mọ́."

Fúnmiọlá fi ọwọ́ sílẹ̀. Ó rò ó pé kí ni òun tún ń dúró ṣe. Ẹ̀yìn àga kò jìnnà sí iwájú rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀. Ìyá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú, ó ké.

"Má wá síwájú! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́! Wọ́n ti gbà ọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, má jẹ́ kí n wá fi ojú ara mi lé ọ lọ!"

Fúnmiọlá dúró. Èèyàn lè ṣí ìlẹ̀kùn tó tì. Ta ló lè fi tipátipá ṣí ojú ìyá rẹ̀?

"Ṣe sùúrù fún mi," ìyá ní nígbà tí èémí rẹ̀ rọlẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti wá dùn, bí ẹni tó ní ohun rere kan nípamọ́. "Kò ní pẹ́ mọ́. Ojú yìí ti ń ṣú. Bó bá ṣú tán, màá wá. Ìwọ á jókòó síwájú mi gan-an, màá fi ọwọ́ wo ojú rẹ, màá pe orúkọ rẹ títí á fi sú mi. Afọ́jú kì í fi ojú lé ẹnikẹ́ni."

Níkẹ́, tó jókòó sórí àtẹ̀gùn, gbé orí sókè. Ohun tó ń mú un da oògùn sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yé àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Fúnmiọlá di ẹ̀yìn àga mú. Ó gbàdúrà kúkúrú, irú èyí tí kò ní "Àmín". Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn, kò sí ọ̀rọ̀ alààyè tó sọ tí ẹnikẹ́ni gbà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí wọn yóò gbà lẹ́nu rẹ̀.

"Màámi."

"Hẹn."

"Òótọ́ lẹ sọ. Mo ti kú."

Ọwọ́ Níkẹ́ lọ sí ẹnu rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Àwa náà ní èèwọ̀ tiwa. Bí ojú yín bá fọ́ nítorí mi, wọn ò ní jẹ́ kí n dúró sí Ẹ̀fọ̀n. Mi ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé mi lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí n wà níbí, ẹ máa kán oògùn yẹn sójú."

"Ta ló sọ fún ọ pé mi ò kán an?"

"Kí ni òkú ò mọ̀?"

"Ìgbà wo ni kí n máa kán an?"

"Bí dókítà ṣe wí ni."

"Dókítà wa ni, àbí dókítà tiyín?"

"Tiyín ni, Màámi. Àwa ò lò ó mọ́."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún. "Ó dáa," ó ní. "Ó dáa. Màá kán an. Ìwọ ṣáà má kó kúrò."

Nígbà tí wọ́n ń lọ, ìyá ti fi gèlè di ojú padà. Fúnmiọlá di iyán tó ṣẹ́kù fún wọn, ó na án sí Níkẹ́. Níkẹ́ tó fọwọ́ kan àpá ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́sí kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi orí júwe ilẹ̀. Fúnmiọlá gbé e kalẹ̀, ó fà sẹ́yìn, Níkẹ́ sì wá gbé e.

Lọ́jọ́ ìsinmi, Fúnmiọlá kò lè kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Olúwa, má ka ọ̀rọ̀ yẹn sí mi lọ́rùn. Bí O bá sì kà á, mo gbà." Bí àwọn ọmọ Àkúrẹ́ bá gbé fóònù wọn dé báyìí, tí wọ́n ní, "Àǹtí, ṣé lóòótọ́ lẹ ti kú?" kì í mi orí pé rárá mọ́. Á ní kí wọ́n jẹ iyán wọn kó tó tutù.

Ìyá máa ń wá bó bá rí ọkọ̀. Ó ń kán oògùn rẹ̀. Á jókòó sí ìloro, á kọ ẹ̀yìn sí ilé ìdáná, Fúnmiọlá á dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọn á jọ máa wo ìsàlẹ̀.

"Mo rí màlúù kan lábẹ́ ọ̀pẹ lọ́hùn-ún yẹn," ìyá ní lọ́jọ́ kan. "Ìwo rẹ̀ kan ti ṣẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ó ti ṣẹ́."

"Mo kàn ní kí o mọ̀ pé mò ń rí i."

"Mo mọ̀."

Ó bu òkèlè mìíràn, ó ń wo màlúù náà, kò sì yíjú.